Ẹ̀rọ tó ń sọ ooru ààrò di iná: oṣù mẹ́sàn-án nílé gààrí ìyá mi

Okun o, ẹ̀yin tiwa. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó wá ra gààrí lọ́dọ̀ ìyá mi ló ti rí ohun onírin kan tó ní páànù omi lórí lẹ́yìn ààrò, tí wáyà jáde lára ẹ̀ tó ń lọ sídìí fóònù, gbogbo wọn ló sì ń bi mí pé kí nìyẹn, ṣé lóòótọ́ ni pé iná igi ló ń ṣájì fóònù, èló ni mo rà á, ṣé káwọn náà lọ rà á. Mo ti dáhùn títí ẹnu fi ń ro mí, torí náà ẹ jẹ́ kí n kọ gbogbo ẹ̀ síbí lẹ́ẹ̀kan náà, ibi tó dáa àti ibi tí kò dáa, kí ẹni tó bá fẹ́ ná owó ẹ̀ lé e lórí mọ ohun tó ń rà.

Ìyá mi ń yan gààrí ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Ìyàrà, ní Ìjùmú níbí. Iṣẹ́ yẹn ni wọ́n fi tọ́ àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Aago márùn-ún ìdájí ni wọ́n ń koná sí ààrò, ilẹ̀ ò tíì mọ́, tí ẹ̀gẹ́ bá sì pọ̀ ó lè di aago mẹ́jọ alẹ́ kí agbada tó kúrò lórí iná. Tọ́ọ̀ṣì ni wọ́n máa ń so mọ́ òpó tẹ́lẹ̀, bátìrì ẹ̀ ò sì í pẹ́ kú. Ti fóònù wá le ju ìyẹn lọ, torí iná ìjọba lè má dé fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, ilé ẹnì kan tó ní jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ, wọ́n á sanwó, fóònù á sì sùn síbẹ̀. Lásìkò kaṣú lèyí máa ń dùn wọ́n jù, nítorí àwọn tó ń ra kaṣú máa ń pe èèyàn láàárọ̀ ní iye kan, tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́ iye yẹn ti yí padà, ọdún kan wà tí fóònù wọn kú fún ọjọ́ méjì gbáko, wọ́n sì ta àpò mẹ́ta fún ẹni tó kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà, kí fóònù tó padà tàn kí wọ́n tó mọ̀ pé owó tó dáa ju bẹ́ẹ̀ lọ wà níta. Ká ra jẹnẹrétọ̀ kẹ̀? Látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, ta ló fẹ́ máa da pẹtiróò sínú jẹnẹrétọ̀ torí fóònù kan àti gílóòbù kan.

Ní Kabba ni mo ti rí ẹ̀rọ yìí, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta sólà àti bátìrì. Wáyà ṣájà ni mo fẹ́ rà tí ojú mi fi ká a lórí pẹpẹ. Mo ní kí lèyí? Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣáà gbé e lé iná igi, á máa fún yín níná. Bí iná igi yẹn bá ṣe ń le sí i náà ni iná tó ń jáde á máa pọ̀ sí i." Ẹ jọ̀ọ́ ẹ mú gbólóhùn yẹn dání, torí òun ló ba nǹkan jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́ lẹ́yìn náà. 75,000 náírà ló pè é, a ná an títí, 62,000 ló gbà.

Bó ṣe rí nìyí. Irin alumíníọ̀mù kan wà nísàlẹ̀, ó nípọn, ó fẹ̀ tó ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ iléèwé, ojú ẹ̀ yẹn ló ń kọ sí iná. Páànù tó ń gba omi lítà kan àbọ̀ wà lórí ẹ̀, bóòtù mẹ́rin ló mú wọn pọ̀. Àárín irin ìsàlẹ̀ àti ìdí páànù ni iṣẹ́ wà: àwo pẹlẹbẹ funfun mẹ́rin ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 40 mìlímítà níbùú àti lóròó, wọn ò nípọn ju mìlímítà mẹ́rin lọ. Wáyà ti ara wọn jáde sí àpótí kékeré kan tó ní ihò USB méjì. Wọ́n kọ 10W àti 5V sára ẹ̀. Gílóòbù LED kan àti fáànù kékeré kan bá a wá nínú páálí. Kò lórúkọ ilé-iṣẹ́ kankan lára, Made in China ni wọ́n kọ sí ìdí páálí, ìwé àlàyé ò sì sí níbẹ̀ rárá. Thermoelectric generator ni òyìnbó ń pe irú ẹ̀, TEG ni wọ́n máa ń gé e kúrú sí.

Ọjọ́ Sátidé ni mo gbé e lọ bá ìyá mi. Amọ̀ ni ààrò wa, ẹnu ẹ̀ wà níwájú níbi tí à ń ki igi sí, ihò kan sì wà lẹ́yìn tí ahọ́n iná àti èéfín ń gbà yọ. Ihò ẹ̀yìn yẹn ni mo gbé e lé, nítorí ooru tó ń gba ibẹ̀ jáde kì í ṣe nǹkan kan fún wa tẹ́lẹ̀, ó kàn ń lọ sínú afẹ́fẹ́ ni. Mo bu omi kànga sí páànù, mo ki gílóòbù bọ ihò USB. Fún bí ìṣẹ́jú kan kò sí nǹkan kan. Nígbà tó yá ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Kó tó pé ìṣẹ́jú mẹ́rin ó ti mọ́lẹ̀ funfun báláú, ìyá mi dá igbá tí wọ́n fi ń ro gààrí dúró lórí agbada, wọ́n ń wo gílóòbù, wọ́n ń wo páànù, wọ́n ní, "Omi tí mo fọwọ́ ara mi fà láàárọ̀ ló ń tan iná yìí?" Mo ní Màmá, omi àti iná ni. Mi ò tíì mọ̀ nígbà yẹn bí ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ yẹn ṣe sún mọ́ òótọ́ tó.

Ọjọ́ kẹta ló jóná.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé omi páànù hó títí ó gbẹ, kò sẹ́ni tó ṣọ́ ọ. Àbúrò mi rí i pé gílóòbù ti ń rẹ̀wẹ̀sì, èmi ni mo sì ti sọ ọ̀rọ̀ ọkùnrin Kabba yẹn fún un, pé bí iná bá ṣe le ni, ló bá tún ki igi gbígbẹ sí i. Òórùn kan jáde bí ìgbà tí wọ́n ń jó lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi ń lẹ wáyà mọ́ra, gílóòbù kú, kò sì jí mọ́. Mo gbé e padà lọ bá ẹni tó tà á fún mi, ó wò ó, ó ní èyí tó bá ti jóná kì í ṣe ẹjọ́ òun. Ó dùn mí gan-an. Kì í ṣe torí owó nìkan o, torí pé tó bá sọ gbólóhùn kan péré fún mi, pé kí omi má gbẹ, ẹ̀rọ yẹn ò ní jóná.

Ọmọkùnrin kan wà nítòsí ọjà Kabba tó ń tún fóònù ṣe, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni mo gbé e lọ. Òun ló là mí lójú, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ ka ohun tó ṣe lójú mi nítorí tẹ́ ẹ bá ti mọ èyí ẹ ti mọ ẹ̀rọ yìí tán. Ó mú àwo pẹlẹbẹ funfun kan jáde látinú ike, ó jọ tèmi, ó ní inú dispenser omi tó bàjẹ́ lòun ti yọ ọ́, àwọn dispenser kékeré tí kò ní kọ̀mpúrẹ́sọ̀, irú àwo yìí ló ń mú omi wọn tutù. Ó so gílóòbù pupa kan tí kò ju orí ìṣáná lọ mọ́ wáyà ẹ̀ méjèèjì. Ó gbé àwo lé orí pure water tó ti dì, kò sí nǹkan. Ó wá gbé kọ́ọ̀pù onírin tí tíì gbígbóná wà nínú ẹ̀ lé àwo yẹn lórí, gílóòbù pupa tàn! Ó gbé kọ́ọ̀pù kúrò, ó ń kú lọ díẹ̀díẹ̀. Ó tún un ṣe, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí ó yọ pure water kúrò nísàlẹ̀, ó wá di orí tábìlì lásán. Gílóòbù tàn fúngbà díẹ̀, nígbà tí ooru tíì ti wọ àwo yẹn dé ìdí ó kú, bẹ́ẹ̀ tíì ṣì gbóná tí èèyàn ò lè fi ẹnu kàn án.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ rí i? Kì í ṣe ooru nìkan ló ń ṣe iná. Ìyàtọ̀ àárín ojú tó gbóná àti ojú tó tutù ni. Tí méjèèjì bá ti gbóná bákan náà, ó parí."

Ó wọ̀ mí lára. Àwa tí a dàgbà sáàárín òkè mọ̀ pé odò kì í sàn lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, láti òkè lọ sísàlẹ̀ ni, bí òkè yẹn bá ṣe ga sí ni omi ṣe ń sáré sí. Bí ooru ṣe ń ṣe nínú àwo yìí nìyẹn, láti ojú gbígbóná ló ń sáré lọ sí ojú tútù, bó ṣe ń lọ ló ń ti iná mànàmáná síwájú ara ẹ̀. Omi páànù ìyá mi, kì í ṣe fún ìtura, òun ni ìdajì ẹ̀rọ náà.

Nígbà tí mo délé mo ka nípa ẹ̀ gan-an. Ọ̀gbẹ́ni Thomas Johann Seebeck ló ṣàkíyèsí ẹ̀ ní 1821, ó so irin oríṣi méjì pọ̀ ní òrùka, ó mú ibi tí wọ́n ti so pọ̀ lápá kan gbóná, abẹ́rẹ́ kọ́ḿpáàsì tó wà nítòsí sì yí. Òun rò pé agbára òòfà ni ooru ń dá sílẹ̀, Ørsted ará Denmark ló wá sọ pé iná mànàmáná ló ń ṣàn nínú irin yẹn. Lọ́dún 1834, Peltier ará Faransé rí òdìkejì ẹ̀: téèyàn bá ti iná mànàmáná wọ ibi tí irin méjì ti pàdé, apá kan á gbóná, apá kejì á tutù, ohun tó ń mú omi dispenser yẹn tutù nìyẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní sítóòfù gáàsì tuntun nílé, tó jẹ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ tẹ kọ́nọ́ọ̀bù mọ́lẹ̀ díẹ̀ kí iná tó dúró, irin tín-ínrín tó wà létí iná yẹn, iṣẹ́ Seebeck yìí kan náà ló ń ṣe, ooru iná ló ń fún un ní iná mànàmáná táṣẹ́rẹ́ tó fi ń di ọ̀nà gáàsì mú kó ṣí sílẹ̀, tí iná bá kú tó tutù, ó máa ti gáàsì pa.

Ọmọkùnrin yẹn tú ẹ̀rọ mi. Ọ̀kan nínú àwo mẹ́rin ló ti kú, àmọ́ torí pé wọ́n so wọ́n tẹ̀lé ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀, ọ̀kan tó já ló pa gbogbo ẹ̀. Ó fi ọ̀bẹ ya èyí tó kú yẹn sí méjì kí n lè rí inú ẹ̀: tánganran funfun lókè, tánganran funfun nísàlẹ̀, láàárín wọn ni àwọn ẹsẹ̀ kéékèèké dúdú tí wọ́n tò bí eyín àgbàdo, ó ní 254 ni wọ́n, méjì-méjì ni wọ́n so wọ́n, àpapọ̀ 127. Bismuth telluride ni wọ́n fi ṣe wọ́n. Lẹ́ẹ̀dì tó mú ẹsẹ̀ wọ̀nyẹn mọ́ra ló yọ́ nígbà tí omi gbẹ.

Kò sí àwo tuntun lọ́wọ́ ẹ̀, ó ní kí àwọn fi ti dispenser yẹn sí i ná, torí wọ́n jọra délẹ̀, mo ní ó dáa. Ọjọ́ méjì péré ni àwo yẹn lò tí òun náà fi jóná. Èyí tó wà fún mímú nǹkan tutù, lẹ́ẹ̀dì inú ọ̀pọ̀ wọn máa ń yọ́ ní dígírì 138, ààrò gààrí sì gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀. Èyí tí wọ́n ṣe fún ìdáná máa ń gba ooru tó 250, àwọn kan tiẹ̀ ń gbà ju 300 lọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra àwo, ẹ má wo ojú ẹ̀, ẹ wo nọ́ḿbà ara ẹ̀. Èyí tí wọ́n bá kọ TEC sí, ti dispenser ni, ẹ má gbé e sún mọ́ ààrò. TEG ni kẹ́ ẹ béèrè, kẹ́ ẹ sì béèrè pé dígírì mélòó ló lè gbà.

Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti wá ra àwọn tó dáa, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni mo pààrọ̀, wọ́n pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó dé Lọ́kọ́ja, mo gbé wọn wá sí Kabba. Ọmọkùnrin yẹn fi sáńpépà ha ojú irin méjèèjì títí wọ́n fi dán, ó fi gírísì funfun tín-ínrín pa á, ó ní afẹ́fẹ́ ò gbọ́dọ̀ sí láàárín àwo àti irin, ó wá ń fún bóòtù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní díẹ̀díẹ̀ láti igun sí igun, torí téèyàn bá fún apá kan ju apá kan lọ tánganran yẹn á sán. Ó gba owó iṣẹ́ ẹ̀, kò gba ti ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ yẹn. Mo mọrírì ẹ̀.

Látìgbà yẹn, kò tíì dákú lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ iye iná tó ń fún wa, torí ibẹ̀ ni irọ́ pọ̀ sí jù. Mo ra mítà USB kékeré kan, mo ń kọ ohun tó bá sọ sílẹ̀. Tí omi bá tutù tí iná sì jó dáadáa, wáàtì 5.8 ni mo sábà ń rí. Tí omi bá ti gbóná débi téèyàn ò lè ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó ń lọ sí bíi 4. Tó bá ti ń hó, 2.4. Láàárọ̀ ọyẹ́, tí omi kànga dì lọ́wọ́ bí yìnyín, mo rí 6.9, òun ló pọ̀ jù tí mo rí rí. Wáàtì 10 tí wọ́n kọ sára ẹ̀, mi ò rí i lẹ́ẹ̀kan. Ìdí tó fi ń já wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni pé tí ìyàtọ̀ ooru bá dín kù sí ìdajì, iná tó ń jáde kì í dín kù sí ìdajì, ìdá kan nínú mẹ́rin ló ń bọ́ sí. Ìyẹn ló jẹ́ pé téèyàn bá ń ki igi sí i láìpààrọ̀ omi, ó ń dá ara ẹ̀ lágara lásán ni.

Omi lítà kan àbọ̀ yẹn kì í ju ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta sí àádọ́ta lọ kó tó hó. Ìyá mi ò nílò mítà kankan. Gílóòbù ni wọ́n ń wò. Tí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ bá ti ń pọ́n díẹ̀, wọ́n á ní "Omi ti gbóná o," ọmọ tó bá wà nítòsí á yọ omi gbígbóná yẹn, á da tútù sí i, iná á tún mọ́lẹ̀. Omi gbígbóná yẹn ò sì ṣòfò. Òun ni wọ́n fi ń wẹ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi láàárọ̀, òun ni wọ́n fi ń po ẹ̀kọ, òun ni wọ́n fi ń fọ agbada tí ọ̀rá bá lẹ̀ mọ́ ọn. Èmi gan-an ka omi gbígbóná yẹn mọ́ èrè ẹ̀rọ yìí, torí tá a bá pín ooru tó wọ inú ẹ̀ sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún, bíi mẹ́rin péré ló ń di iná mànàmáná, gbogbo èyí tó kù inú omi ló ń bọ́ sí.

Pẹ̀lú wáàtì márùn-ún yẹn, fóònù ìyá mi tí bátìrì ẹ̀ jẹ́ 5000 mAh ń kún láàárín wákàtí márùn-ún, nígbà míì mẹ́fà. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá yan gààrí látàárọ̀ dalẹ́, fóònù méjì á kún, gílóòbù á sì ti tàn ní ìdájí àti ní ìrọ̀lẹ́. Ó tán síbẹ̀. Kò lè gbé tẹlifíṣàn, kò lè gbé fíríìjì, ẹni tó bá ní ó lè gbé e ń pa irọ́ fún yín. Ẹ má sì so fóònù mọ́ ọn tààrà tí iná igi bá ń lọ sókè sódò, fóònù á máa ké pé ó ń ṣájì, kò ṣájì mọ́, ó tún ń ṣájì. Pàwá báńkì ni mo fi sáàárín, pàwá báńkì á gba ohun tó bá rí, fóònù á wá gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù wá ni fáànù kékeré tó bá a wá. Mo rò pé fún atẹ́gùn ojú ni, ìyá mi sì kọ́kọ́ lò ó bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan bàbá àgbà kan wá ra gààrí, alágbẹ̀dẹ ni bàbá yẹn nígbà tí agbára ṣì wà, wọ́n jókòó wo fáànù yẹn títí, wọ́n ní, "Ẹwìrì nìyí kẹ̀, ẹ kọ ojú ẹ̀ sí ìdí iná." A wá páìpù irin kan tó gùn tó apá, a ki ẹnu ẹ̀ kan bọ abẹ́ igi nínú ààrò, a so fáànù mọ́ ẹnu kejì tó wà lókèèrè kí ó má yọ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, iná yẹn yí àwọ̀ padà! Igi tó ń rú èéfín dúdú tẹ́lẹ̀ wá ń jó geere, èéfín dín kù tó bẹ́ẹ̀ tí mo rí ojú ìyá mi kedere láti òdìkejì agbada, igi tí à ń lò lójúmọ́ sì dín kù. Láti kékeré mi ni mo ti mọ ojú wọn sí ojú pípọ́n, ojú tó ń ṣomi, ikọ́ àárọ̀. Mi ò lè sọ pé ẹ̀rọ yìí wo ojú wọn sàn, ṣùgbọ́n wọn kì í fi ìborùn nu ojú ní gbogbo ìgbà mọ́ bí wọ́n ṣe ń yan gààrí. Wáàtì kan péré ni fáànù yẹn ń jẹ. Ká ní fóònù kan ò tiẹ̀ ní ṣájì lórí ẹ̀, torí fáànù yìí nìkan mo tún máa rà á.

Ohun mìíràn tó dáa ni pé kò sí ohun tó ń yí nínú àwo yẹn, kò pariwo, kò mu epo, kò ní ọ́ìlì tí à ń pààrọ̀. Ọkọ̀ Voyager méjèèjì tí Amẹ́ríkà jù sí gbalasa òfuurufú ní 1977, ọ̀nà yìí náà ni wọ́n gbà ń rí iná, wáàtì bíi 470 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fi bẹ̀rẹ̀, plutonium, irin kan tó ń gbóná fúnra ẹ̀, ló ń fún wọn ní ooru, òtútù òfuurufú ló sì jẹ́ omi páànù tiwọn. Ó lé ní ogójì ọdún tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ wálé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdọọdún ni iná wọn ń dín kù. Torí náà tí tiyín bá bàjẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ wo ooru tó pọ̀ jù tàbí bóòtù tí wọn ò fún dáadáa.

Àìdáa ẹ̀ kù díẹ̀. Èéfín máa ń di dúdú nípọn sábẹ́ irin ìsàlẹ̀, tẹ́ ẹ ò bá fi eérú àti kànrìnkàn ha á lọ́sẹ̀-ọ̀sẹ̀, ooru ò ní wọlé dáadáa, mo pàdánù tó wáàtì kan torí ẹ̀ kí n tó mọ̀. Rọ́bà ara wáyà ò fẹ́ràn ahọ́n iná, a ti fi amọ̀ bo tiwa. Àpótí USB yẹn ò gbọ́dọ̀ gbóná, ẹ gbé e jìnnà.

Ṣé kẹ́ ẹ rà á? Tó bá jẹ́ pé ẹ ò dáná igi ju kẹ́ ẹ se ọbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lálẹ́ lọ, ẹ má rà á, ẹ fi owó yẹn ra sólà kékeré, oòrùn ilẹ̀ wa ò wọ́n, ẹ ò ní máa pọn omi nítorí ẹ̀. Ẹ má sì tìtorí ẹ̀ dá iná tẹ́ ò ní dá tẹ́lẹ̀, igi tó máa jó níbẹ̀ ju iná tẹ́ máa rí lọ. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé iná ti ń jó nílé yín látàárọ̀ dalẹ́ tẹ́lẹ̀, ẹ̀yin tó ń yan gààrí, ẹ̀yin ará ẹbu epo, ẹ̀yin tó ń se búkà, pàápàá lásìkò òjò tí sólà kì í rí oòrùn fún odindi ọjọ́, ẹ rà á, ẹ má san ju 62,000 lọ, kẹ́ ẹ sì ní kí ẹni tó fẹ́ tà á gbé e lé iná lójú yín, kó da omi sí i, kẹ́ ẹ fi mítà wò ó.

Páànù tó bá a wá ló kù tó ń dùn mí, ó ti kéré jù. Wẹ́dà kan ní Kabba ń bá mi jó òmíràn tó máa gba lítà mẹ́wàá, tó ní ẹnu ẹ̀rọ omi nísàlẹ̀ kí ìyá mi lè máa ja omi gbígbóná láìgbé nǹkan kan sókè. Ní bí mo ṣe ṣírò ẹ̀, omi yẹn á tó wákàtí márùn-ún kó tó hó. Ó ní kí n wá gbé e lọ́jọ́ Ẹtì.